Ọmọ Òṣìṣẹ́ Ń Lọ Sí Ilé-Ìwé: Kí Ni A Ti Ṣe Sílẹ̀?

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú, àti ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ àti bàtà iṣẹ́ ni a sábà máa ń gbé wá sójú ìwé yìí. Lónìí a fẹ́ kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kéékèèké tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní September tó ń bọ̀ ni a fẹ́ sọ. Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, kí ó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ó tó bá wa jà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní September ọdún tó kọjá ni ó fà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, awakọ̀ ni, ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, lọ sí ilé-ìwé tí ó wà ládùúgbò wọn. Ó di ọjọ́ kẹta, wọ́n jáde ilé-ìwé ní aago kan ọ̀sán. Bàbá wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọkọ̀. Ìyá wà ní ṣíféètì ọ̀sán. Aago méjì ni ó gbọ́dọ̀ wọlé, kò sì sí bí kò ṣe ní ti wà lójú ọ̀nà ní aago kan. Ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé ni wọ́n bẹ̀ pé kí ó máa bá wọn lọ mú ọmọ wá, ṣùgbọ́n òjò dá màmá yìí dúró sí ọjà lọ́jọ́ náà. Ọmọ dúró títí, nígbà tí ó rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń lọ, òun náà tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́ta, ìdí ìsọ̀ obìnrin aláta kan nítòsí ibùdókọ̀ ni wọ́n ti bá a tí ó ń sunkún. Màmá aláta bi í pé, "Kí ni orúkọ rẹ?" Ó ní, "Júníọ̀." Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ńkọ́?" Ó ní, "Dádì." "Màmá rẹ?" "Mọ́mì." "Níbo ni ilé yín?" Ó nawọ́ sí títì, ó ní, "Ilé wa wà lọ́hùn-ún yẹn." Àwọn obìnrin wá kó jọ lé e lórí, wọ́n ra bisikíìtì fún un, wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ó bá mọ̀ fún wọn. Ọmọ bá dìde dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ka A títí dé Z fún wọn geerege, kò ṣi ẹyọ kan. Ó mọ A, ó mọ Z, kò mọ orúkọ bàbá tí ó bí i.

Àpò ìwé rẹ̀ ni ó kó o yọ. Màmá aláta rí orúkọ ilé-ìwé lára rẹ̀, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó sì mú un padà síbẹ̀. Ọlọ́dẹ ilé-ìwé pe tíṣà, tíṣà wá fọ́ọ̀mù ọmọ jáde, wọ́n sì pe bàbá lórí fóònù. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá kí ìyá tó fojú kan ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ń ròyìn rẹ̀ fún wa ní gáréèjì, ẹni tí í wakọ̀ òru láì bẹ̀rù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Àwọn kan nínú wa ti dá ẹjọ́ náà kíá. Wọ́n ní ìyá ọmọ ni ó jẹ̀bi, wọ́n ní obìnrin tí ó bá ń ṣe ṣíféètì kò lè tọ́ ọmọ. A kò gbà. Obìnrin yẹn àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń san owó ilé, inú ṣíféètì yẹn ni oúnjẹ ilé ti ń wá, ọkọ sì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ọkùnrin mélòó nínú wa ni ọmọ rẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀? Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, a ní kí olúkúlùkù délé kí ó bi ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín ni gbogbo ilé kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tí a tún pàdé, ẹ̀rín ti dín kù. Ọmọ ẹnì kan nínú wa ní orúkọ bàbá òun ni "Ọ̀gá Dírẹ́bà". Ọmọ àwa tí à ń kọ èyí mọ orúkọ wa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ní iṣẹ́ oorun ni. Ṣíféètì òru ni a wà ní gbogbo oṣù náà, orí ibùsùn ni ó ń bá wa lójoojúmọ́. Kò purọ́.

Nítorí náà, bí a bá ní kí á múra ọmọ sílẹ̀ fún ilé-ìwé, ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjà. Ọjà ni ọ̀pọ̀ wa ń sá lọ. Ẹ ó rí ẹni tí ó yá owó nítorí àpò tí wọ́n ya àwòrán ọmọ òyìnbó sí, àti bàtà tí ó fi ìka méjì tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ pé yóò lò ó di ọdún tó ń bọ̀, tí ọmọ wá ń fi í kọsẹ̀ káàkiri. Ẹni tí ó ní kí ó rà. Ṣùgbọ́n àpò kò lè bá ọmọ sọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá sọnù, bí kò bá ṣe orí ire bíi ti ọjọ́ yẹn.

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún ilé-ìwé àwọn ọmọdé, jẹ́lé-ó-sinmi, fi òtítọ́ kan hàn. Ilé ni wọ́n ní kí ó sinmi. Wọn kò sọ pé ọmọ ni yóò sinmi. A mọ ohun tí ó fà á. Ìyá tí ó gbọ́dọ̀ wọ ṣíféètì aago mẹ́fà àárọ̀ kò rí ibi tí yóò gbé ọmọ sí. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú nígbà tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọmọ tí yóò mu ọmú yẹn bá wà ní Agége tí ìyá wà ní Ìsọlọ̀, bóyá wọ́n fẹ́ kí ọmú fò lọ bá a ni, a kò mọ̀. Nítorí náà a kò bú ìyá kankan tí ó gbé ọmọ ọdún méjì lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi nítorí àtijẹ. Ohun tí a lòdì sí ni kí á máa pe ìtọ́jú ní ẹ̀kọ́, kí á máa gbé ọmọ tí kò tíì lè fọ imú rẹ̀ síwájú pátákó ìkọ̀wé, kí á sì máa nà án nítorí pé ó pe lẹ́tà B ní D.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ìtàn kan. Ọjọ́ 17 oṣù January ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ yìí lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bàbá àwa tí à ń kọ èyí wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n tò síwájú hẹ́dímásítà. Ẹ̀yin àgbà mọ ìdánwò ìgbà náà: wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé. Bí kò bá kàn án, ilé ni. Ọwọ́ bàbá wa kò kan etí. Ó máa ń sọ fún wa pé odidi ọdún kan ni òun fi ń so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi gúáfà kí ọwọ́ òun lè gùn. Ní January 1956 ó gbé ọwọ́, ó kàn án, títí tí ó fi kú ni ó sì gbà pé igi gúáfà ni ó ṣe é.

Ìdánwò ọwọ́ yẹn kì í ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú lè ti tó ọdún méje kí wọ́n sì dá a padà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa, èyí ni pé wọ́n mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ara ọmọ fúnra rẹ̀ tó ilé-ìwé. Lóde òní, àpò bàbá àti ìlara aládùúgbò ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni kí ó wọ kíláàsì kìíní. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2013 sì fi ọdún kan ti jẹ́lé-ó-sinmi síwájú rẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ọmọ ọdún mẹ́rin wọ kíláàsì kìíní kí bàbá rẹ̀ lè máa fi yangàn ní gáréèjì. A ti rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fò wọ́n kọjá kíláàsì méjì, wọ́n á dé kíláàsì kẹrin, ìwé á wá ga ju orí wọn lọ, bàbá tí ó ń yangàn á wá máa wá tíṣà lẹ́sìnnì kiri.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún ń dùn wá ni ọ̀rọ̀ èdè. Àwọn kan nínú wa gbà pé ọ̀nà tí a fi ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ilé-ìwé ni pé kí á fòfin de Yorùbá nínú ilé. Àwa tí à ń kọ èyí ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ kí á tó fi ilé-ìwé alẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀, a sì mọ bí ó ti tó. Bí a bá wá délé tí a ń fi irú Gẹ̀ẹ́sì yẹn pàṣẹ fún ọmọ, tí ìyá rẹ̀ náà ń fi tirẹ̀ dá a lóhùn, kí ni ọmọ yóò kó lọ sí ilé-ìwé? Yóò mọ "come" àti "sit down" àti "don't touch". Kò ní lè sọ pé inú ń run òun. Kò ní lè ròyìn ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ ṣe fún un. A ti rí ọmọ tí ó tọ̀ sára ní kíláàsì nítorí pé kò mọ èdè tí yóò fi tọrọ ààyè, nítorí wọ́n ti sọ fún un nílé pé tíṣà kì í gbọ́ Yorùbá. Tíṣà ọ̀hún, ọmọ Ìjẹ̀bú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìmọ̀lára lásán. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni aṣáájú rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ohun tó kù, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, pẹ̀lú tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ mìíràn sì gba ọ̀nà ti àtẹ̀yìnwá, ọdún mẹ́ta Yorùbá, ọdún mẹ́ta Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ni wọ́n ṣe dáadáa jù nínú iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ní November ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November ọdún 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ìjọba. Èdè tí à ń sọ nínú yàrá wa kò sí lọ́wọ́ mínísítà kankan. Ọmọ tí ó bá gbọ́ Yorùbá yékéyéké, tí ó lè bèèrè ọ̀rọ̀, tí ó lè ṣàlàyé ara rẹ̀, á kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ ọ.

Kí wá ni kí òṣìṣẹ́ ṣe láàárín ìsinsìnyí àti September? Kò gba owó púpọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ti ń sọ bọ̀: orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, orúkọ àdúgbò, àti ohun kan tí ó wà nítòsí ilé tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bóyá mọ́ṣáláṣí, bóyá ilé epo. Nọ́ńbà fóònù jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ má ṣe sọ pé ọmọdé kò lè mọ̀ ọ́n. Orin wo ni wọn kì í mọ̀? Ẹ fi ṣe orin fún un, kí ẹ máa kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ náà, kì í ṣe sẹ́yìn àpò níta níbi tí àjèjì yóò ti ka orúkọ rẹ̀ tí yóò sì fi pè é bí ẹni mọ̀ ọ́n. Ọmọ awakọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti mọ tirẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, á sọ ọ́ tán, á sì fi nọ́ńbà mọ́tò kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè.

Oorun ni èkejì, èyí sì nira fún wa ju ti orúkọ lọ. Ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́fà, nítorí náà kí ó ti sùn ní aago mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n àwa bàbá tí à ń wọlé ní aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, a fẹ́ rí ọmọ. Ìyá á jẹ́ kí ó jókòó dè wá, àwa náà á fi nǹkan dání wálé, ìdùnnú á ṣubú layọ̀. Ó dùn, a kò ní parọ́, nígbà mìíràn òun nìkan ni adùn ọjọ́ náà. Ìyà rẹ̀ wà lára ọmọ lọ́jọ́ kejì nígbà tí ó bá ń sùn lórí tábìlì tí tíṣà rò pé olórí kunkun ni. Ohun tí àwa ṣe nílé wa ni pé a fi àárọ̀ rọ́pò alẹ́. Bí a bá ti ṣíféètì òru dé ní aago méje, a kì í wọ ibùsùn kí á tó mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, àwa méjèèjì nìkan. Ogún ìṣẹ́jú ni. Ohun tí a ti gbọ́ nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn, a kì bá má gbọ́ ọ títí láé. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń jáde ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, a mọ̀ pé tiyín le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ ìsinmi yín nìkan ni ẹ ní. Ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ jó ní òde àríyá.

Kí ọmọ mọ bí a ti ń bọ́ ṣòkòtò fúnra rẹ̀, bí a ti ń ṣán ìdí, bí a ti ń fọ ọwọ́, bí a ti ń de bọ́tìnnì, bí a ti ń ṣí abọ́ oúnjẹ kí ó sì jẹ ẹ́ láìsí ẹni tí ó ń fi sí i lẹ́nu. Tíṣà kan ṣoṣo ni, àwọn ọmọ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nínú ilé, ìyá àgbà ni yóò ba èyí jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti ìwé gan-an, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu jù. Ọmọ tí ó lè jókòó gbọ́ àlọ́ ìjàpá láti òkè délẹ̀, tí ó sì lè sọ ọ́ padà, ti kọ́ ohun tí ó ju A B D lọ. Fún un ní èédú tàbí ẹfun kí ó máa ya nǹkan sílẹ̀. Kóró àgbálùmọ̀ àti ọmọ ayò wà fún kíkà. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ńdọ́ wa máa ń tú owó ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ Sunday, ọmọ rẹ̀ obìnrin á bá a to náírà àádọ́ta sọ́tọ̀, ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀, igba sọ́tọ̀, ó sì ń kọ́ ọ ní ṣéńjì. Ọmọ náà kò tíì mọ ìwé í kà, ṣùgbọ́n ẹ kò lè rẹ́ ẹ jẹ. Kí wọ́n ṣáà máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, owó kọ̀ńdọ́ kò mọ́.

Ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde, bí èyí tó kù bá wà, kí ẹ lọ gbà á ní ibùdó ìlera. Bí ẹ kò bá tíì ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé yóò wọlé. Ẹ pe ọmọ láti ẹ̀yìn ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ wò bóyá ó gbọ́. Ẹ fi nǹkan hàn án lókèèrè, kí ẹ wò bóyá ó rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo, ojú tàbí etí ni. Bí ọmọ bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ sọ fún tíṣà ní ọjọ́ kìíní. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tíṣà tí kò mọ̀ ni yóò ní kí ó sáré yí pápá ká nínú òtútù òwúrọ̀.

Ohun kan wà tí a bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí: kí ẹ má ṣe fi tíṣà dẹ́rù ba ọmọ mọ́. "Máa ṣe é lọ, tíṣà á yanjú ẹ." Ìyá àgbà wa sọ ọ́ fún àwa náà, ní ọjọ́ kìíní wa ní ilé-ìwé, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti fà wá jáde ní ọ̀sán. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, kí á mú un lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́, kí ó rí kànga, kí ó rí ṣáláńgá, kí ó mọ igi tí yóò dúró sí abẹ́ rẹ̀ dè wá. Ní ọjọ́ kìíní kí á má ṣe yọ́ lọ nígbà tí ó bá kọjú sí ibòmíràn. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, ẹ sọ ẹni tí yóò wá mú un, kí ẹni náà sì wá. Á sunkún. Ẹ jẹ́ kí ó sun ún, ẹ máa lọ. Ẹni tí wọ́n yọ́ sá fún kò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ní ọjọ́ kejì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ rèé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ní iléeṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́ níbi iṣẹ́ nítorí pé ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ kìíní. Kúẹ́rì ni wọ́n fún un, wọ́n tún gé owó ọjọ́ náà. Máníjà tí ó fọwọ́ sí kúẹ́rì yẹn kò sí ní ọ́fíísì ní ìdajì ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó lọ fi ọmọ tirẹ̀ sí ilé-ìwé. A kò bínú sí i pé ó lọ. Ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe. Kí ó jẹ́ kí ó tọ́ fún àwa náà.

Òfin ẹ̀kọ́ káríayé ti ọdún 2004 ní dandan ni kí òbí rí i pé ọmọ òun lọ sí ilé-ìwé kí ó sì parí rẹ̀ títí dé kékeré sẹ́kọ́ńdìrì. Òbí tí ó bá kọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un, lẹ́yìn náà owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Òfin yẹn kan náà ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpele yẹn, ó sì ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá gba owó ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó tí ẹ kò mọ orí rẹ̀, ẹ bèèrè rìsíìtì, kí ẹ mú un wá fún wa. Ṣùgbọ́n bí òfin bá lè fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ òbí, ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ lè fún òbí ní wákàtí méjì.

Àwọn àgbà tí wọ́n wà ní Èkó nígbà náà sọ fún wa pé kí ìjọba Alhaji Lateef Jakande tó dé ní October 1979, ilé-ìwé gan-an ń ṣe ṣíféètì, àwọn ọmọ kan ní àárọ̀, àwọn kan ní ọ̀sán. Jakande kọ́ kíláàsì sí i, ó sì fòpin sí i. Àwọn kan fi àwọn ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ilé adìẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń ka ìwé yìí, inú ilé adìẹ yẹn ni a ti kọ́ ọ. Ṣíféètì kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ; ti òbí ni ó kù.

Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ kí September tó dé. Pé kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, bàbá tàbí ìyá, ní wákàtí méjì láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kìíní láìgé owó. Pé kí tọkọtaya tí wọ́n bá wà ní iléeṣẹ́ kan náà má ṣe wà ní ṣíféètì kan náà bí wọ́n bá ní ọmọ kékeré, kí ẹnì kan nínú wọn lè wà nílé. Ẹ̀kẹta ni yàrá kan nítòsí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ tí abiyamọ lè fi ọmọ sí pẹ̀lú olùtọ́jú. A mọ̀ pé wọ́n á sọ pé kò sí owó, àwa náà ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Ní ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, a ti fẹnu kò pé owó yíyá ti ilé-ìwé yóò máa jáde ní July, kì í ṣe ìparí September nígbà tí ẹlẹ́yàáwó ti gbà wá mú.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka. Kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní September wá kọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ ọmọ, àti ṣíféètì tí ó wà sí i kí oṣù yìí tó parí. Kí àwọn awakọ̀ tí wọn kì í rí ààyè wá sí ọ́fíísì fi tiwọn rán alága gáréèjì. Àwọn tí kò ní ọmọ kékeré mọ́, a fẹ́ kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i.